Ẹkùn Tó Ń Wo Ẹ̀ka Òfìfo

Gbogbo ẹni tó wá kí mi káàbọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde, báàgì mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú mi. Mi ò bínú sí wọn. Bí ẹlòmíràn bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, èmi náà á wo báàgì ẹ̀. Mo pín ọṣẹ, mo pín ṣokoléètì, mo pín ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tán, ìyá mi wá rí ike róbótó gígùn kan tí mo gbé ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣèrífá, kí ló wà nínú èyí? Kì í ṣe ìbọn lo rà bọ̀?"

Mo ṣí i. Pépà ni. Ẹkùn ńlá kan ló jókòó sábẹ́ igi nínú pépà náà. Kì í ṣe irú tiwa tó ní àmì tótòtó lára, ti ilẹ̀ òkèèrè ni, tó ní ilà gbọọrọ gbọọrọ. Ó ká ìrù bí ológbò tó yó. Ojú ọ̀tún ń wo ìhín, tòsì ń wo ọ̀hún, ó sì gbé orí sókè, ó ń wo ẹ̀ka igi kan tí nǹkan kan ò sí lórí ẹ̀.

Ìyá mi wò ó títí. "Ẹkùn yìí mà jọ bàbá yín nígbà tó bá ń wá awò ojú ẹ̀. Ta ló yà á?"

"Èmi ni."

Ìyá mi gbé ojú kúrò lára pépà. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Ọwọ́ tó kú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ làálì ni mo ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti parí ìwé mẹ́wàá ni mo ti ń ṣe é. Ìyàwó tí wọ́n bá fẹ́ so yìgì fún ládùúgbò wa, èmi ni mo máa ń kùn ún lọ́wọ́, kùn ún lẹ́sẹ̀. Ìlà mi máa ń tín-ín-rín bí irun orí. Mi ò fọ́nnu, ẹ bi àwọn tó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́sẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, mo bí ọmọkùnrin kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. A ti sọ ọ́ lórúkọ, a ti pa àgbò, àwọn èèyàn ti jẹun lọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ mi kú. Kì í ṣe pé ó rọ o. Mo ń fọṣọ, mo ń rokà, mo ń di irun Àmídá, ọmọ mi obìnrin tó ti pé ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé làálì sún mọ́ ọwọ́ ìyàwó báyìí, ìka mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìlà á wọ́. Ìyàwó kan sunkún níwájú mi. Àwọn àǹtí ẹ̀ rò pé mo ti mu nǹkan ni. Nígbà tí mo délé, mo kó làálì sínú dúrọ́ọ̀, mo ti í pa.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Mulíkà, wá bímọ obìnrin ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ kí ọmọ tó jáde. Ìyá wa ló yẹ kó lọ wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún Màmá ò gbé àtẹ̀gùn mọ́. Ni wọ́n bá ní kí n lọ. Bàbá Àmídá ní, "Lọ, jàre. Bóyá afẹ́fẹ́ ibòmíràn á bá ẹ lára mu." Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, mo sì lọ wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má rò pé kò dùn mí.

Ibi tí wọ́n ń wó, ibi tí wọ́n ń kọ́

Lọ́ńdọ̀nù tí mo ní lọ́kàn, aago ńlá àti afárá ni. Ibi tí mo bá ara mi, adágún omi ni, tí pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn ń rìn kiri létí ẹ̀ bí ẹni tó ní ilẹ̀. Ilé kọnkéré yí omi náà ká, àwọ̀ eérú. Wọ́n ti wó àwọn kan dé ìdajì, débi pé o lè dúró nísàlẹ̀ kó o máa wo àwọ̀ tí ẹnì kan kun yàrá ẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, búlúù níbìkan, píǹkì níbòmíràn. Ilé tuntun ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo sọ fún Àǹtí mi pé, "Ṣé ogun jà níbí ni?" Ó ní, "Ogun kọ́, àwọn onílé ni."

Bí a bá wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, mo máa ń gbọ́ Yorùbá kí n tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gààrí wà, pańla wà, ata rodo wà. Ohun tí kò sí ni ìkíni. Mo wọ lífíìtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní "Gúmọ́níìn" fún gbogbo wọn, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Ṣùgbọ́n mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú lífíìtì kan náà, òun ló sì sọ fún mi pé "sọ́rì". Mi ò tíì rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Wọn ò ní kí ẹ, ṣùgbọ́n bó o bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n á bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀. Àǹtí mi gbé Sàínábù ọmọ ẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà la ojú, ó wò mí. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n débi pé omi ń ta sílẹ̀ nínú kàǹkàn. Àǹtí mi na ọwọ́. Ó gba ọmọ ẹ̀ padà, ó di ojú ọgbẹ́ ikùn ẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì wẹ̀ ẹ́. Èmi tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé wá wẹ ọmọ, mo jókòó, mo ń wòran.

Ẹyẹ kan tún wà. Dúdú àti funfun ni, ìrù ẹ̀ gùn, àràárọ̀ ló máa ń bà sí ojú fèrèsé kíṣìnì wa. Igbe ẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi páálí ìṣáná. Mummy Tóbi tó ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tiwa, ará Èkó ni, ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà nínú wíáháòsì kan lápá Thamesmead West. Ó wá kí ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ẹyẹ náà.

"Ẹyẹ wo lèyí? Nínú ilé tí ọmọ tuntun wà! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. "Mummy Tóbi, ẹyẹ ibí ni. Gbogbo àdúgbò ló wà."

"Ẹ jẹ́ kó lọ wà ládùúgbò. Kí ló ń wá lójú fèrèsé?"

Àǹtí mi lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí Mummy Tóbi lọ, mo mú ìró mi kan, mo fi bo fèrèsé náà. Oúnjẹ tí mo sè nínú kíṣìnì yẹn láti ọjọ́ náà, iná ni mo tàn sè é lọ́sàn-án gangan.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́

Wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Àǹtí mi pé kíláàsì kan wà fún àwọn ìyá ọmọ ní gbọ̀ngàn tó wà létí omi, àwòrán ilẹ̀ Kòríà ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Àǹtí mi ka lẹ́tà tán, ó jù ú sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ lo máa lọ."

"Èmi kọ́ ni mo bímọ, Àǹtí mi."

"Pẹ̀lú ikùn tí wọ́n rán yìí, kí n lọ jókòó máa kun òdòdó? Mo ti pè wọ́n. Mo ní àbúrò mi ń bọ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣèrífá, ìwọ náà bímọ. Ìyá ọmọ ni ẹ́. Lọ."

Obìnrin tó ń kọ́ wọn kéré bí ọmọ ìwé, irun ẹ̀ funfun báláú. Mísíìsì Yun lorúkọ ẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kòríà ni, ó sì ti dàgbà ju ìyá mi lọ. Bí mo ṣe rí i, mo kúnlẹ̀. Ara mi ló kúnlẹ̀, kì í ṣe èmi. Òun náà tẹríba fún mi, orí ẹ̀ wálẹ̀. Mo tún kúnlẹ̀ dáadáa. Ó tún tẹ̀ sí i. Obìnrin òyìnbó kan tó gbé ọmọ sáyà ní, "Tí ẹ bá parí ìjà yín, ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé."

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí, ọjọ́ orí mi ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo ti lò, kò sí ẹni tó bi mí, wọ́n ní kò dáa kéèyàn máa béèrè ẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn. Ó fẹ́ mọ ibi tó máa fi mí sí ni, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Ó bi mí lórúkọ ọmọ mi, mo ní Àmídá. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní orúkọ mi rí. "Ìyá Àmídá" ló ń pè mí, ó ní bí wọ́n ṣe ń pe ìyá ọmọ nílùú àwọn nìyẹn. Àwọn yòókù ń pe orúkọ òun gan-an bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ wọn. Mummy Yun ni mo pè é, ó sì ń dáhùn.

Nígbà tó fún wa ní búrọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ méjèèjì ló fi fún wa. Àwọn yòókù fi ọwọ́ kan gbà á, ẹnì kan tilẹ̀ fi ọwọ́ òsì gbà á. Èmi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

Ó wá pín àwòrán fún wa, ó ní ká tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, ká máa tẹ̀lé ìlà tó wà nísàlẹ̀. Ojú mi le. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, olè ni. Mo sọ fún un pé mo mọ òdòdó yà fúnra mi. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ó ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ ya òdòdó yìí, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, a ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tálákà ló ń yà á, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn kí ilé wọn lè tura. Èmi náà wọlé tọ̀ wọ́n. Wọlé wá."

Mo tẹ pépà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlà tó wà nísàlẹ̀ ń fà mí lọ bí ẹni tó mú afọ́jú lọ́wọ́ sọdá títì. Mo dé ìdí òdòdó náà. Mo wẹ̀yìn wò, ìlà mi ò tọ́, ṣùgbọ́n ó dé ibi tó ń lọ.

Mo fá òdòdó

Bí wọ́n ṣe ń kùn ún nìyí. Búrọ́ọ̀ṣì méjì lo máa mú lọ́wọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní àwọ̀, èkejì ní omi lásán. Wà á fi àwọ̀ sí ìdí ewé, wà á yí ọwọ́ padà kíá, wà á fi ti olómi fà á lọ sí etí títí àwọ̀ náà á fi pòórá. Bó o bá pẹ́, á gbẹ, á di àbàwọ́n. Bó o bá yára jù, á ṣàn lọ sí ibi tó wù ú. O ò lè fi ọkàn sí nǹkan mìíràn. Ìbànújẹ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àyè ló máa ń wá. Ẹni tí búrọ́ọ̀ṣì méjì wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan, kò ní àyè.

Ṣùgbọ́n mo ṣe ohun kan lọ́jọ́rú kejì tí wọ́n ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí mo fi kúrò. Mo po àwọ̀ pupa, mo bù ú nípọn, mo fi sórí òdòdó gbàgà, mo sì jókòó, mo ń retí kó gbẹ. Nígbà tó gbẹ, mo fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í fá a.

Mummy Yun figbe ta. "Ìyá Àmídá! Kí lo ń ṣe?"

Mo ní, "Mo ń fá a kí àwọ̀ lè yọ."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Làálì ni mo ń ṣe! Tiwa, a máa ń fi í sílẹ̀ kó gbẹ ni, ká wá fá a dànù, abẹ́ ẹ̀ ni ẹwà wà. Mo fá òdòdó ọlọ́dòdó débi pé pépà lu.

Mo ṣàlàyé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì mi àti ọwọ́ mi. Mo fi àwòrán iṣẹ́ mi àtijọ́ hàn wọ́n lórí fóònù. Mummy Yun gba fóònù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó títí, ó sún un mọ́ ojú. Ó bi mí pé, "Ọwọ́ yìí ló ṣe èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ ń mú nǹkan kúrò kó o tó rí ẹwà. Tiwa, fífẹ́lẹ́ la máa ń fi sí i. Lónìí díẹ̀, kó gbẹ. Lọ́la díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Má kánjú kó pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó wá gbé oúnjẹ jáde: ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé, tí wọ́n gé róbótó róbótó, àti kábéèjì tó kan bí ògì, tí wọ́n fi ata pò. Ewé yẹn ń rùn bí etídò, mi ò purọ́. Ata wọn ò tó tiwa, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Ó jẹ mẹ́ta, ó di ẹ̀kẹrin sínú bébà.

Ẹ̀ka

Lẹ́yìn òdòdó, ó gbé ẹkùn fún wa. Ẹkùn lábẹ́ igi, ẹyẹ lórí ẹ̀ka, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Mo wo ẹyẹ náà. Dúdú àti funfun. Ìrù gígùn.

Mo tẹ̀lé ìlà ẹkùn, mo tẹ̀lé ìlà igi, mo fo ẹyẹ.

Mummy Yun wá dúró tì mí. "Ẹyẹ dà?"

Mo fẹ́ sọ pé mo gbàgbé ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ bó ṣe jáde. Mo sọ fún un pé ẹyẹ yẹn ń wá sí ojú fèrèsé wa láràárọ̀, pé nílùú wa bí ẹyẹ bá ké báyìí, ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀ fún, pé mo bí ọmọ kan lẹ́yìn Àmídá, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Obìnrin òyìnbó ọjọ́sí rọra gbé omi sí iwájú mi. Ó ní, "Sọ́rì." Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rí i bí nǹkan ẹ̀rín.

Mummy Yun jókòó. Ó ní, "Nílùú tiwa, bí ẹyẹ yìí bá ké lójúlé ẹ láàárọ̀, àlejò tí inú ẹ máa dùn sí ló ń bọ̀. Ìyá mi máa ń gbálẹ̀ sí i bó bá ti gbọ́ ọ."

"Ẹyẹ kan náà?"

"Ẹyẹ kan náà."

Mo ní mi ò lè yà á. Ó ní, "Má yà á. Fi ẹ̀ka náà sílẹ̀. Ẹyẹ ò kánjú."

Bí mo ṣe kun ẹkùn náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, ilà kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn Ọjọ́rú kan wà tí mo kàn jókòó, tí mi ò gbé búrọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Mi ò ní parọ́ fún yín pé àwòrán ń wo ọgbẹ́ ọmọ sàn. Ẹni tí tiẹ̀ bá wúwo jù, kó wá dókítà lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Mo rí i pé omi adágún yẹn kì í ṣe àwọ̀ eérú, àwọ̀ ewé ni láàárọ̀, ó ń di fàdákà lọ́sàn-án. Mo ń ronú bí mo ṣe lè fi ìrù ẹkùn sára àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, mo ń gé ẹ̀fọ́, Àǹtí mi ti yàrá pariwo pé, "Ṣèrífá! Orin lò ń kọ yẹn o!" Mi ò mọ̀.

Mo lẹ ẹkùn náà mọ́ ògiri yàrá ọmọ. Mummy Tóbi wọlé, ó dúró.

"Ẹranko! Nínú yàrá ọmọ tuntun!"

"Ẹ sún mọ́ ọn, Mummy," ni Àǹtí mi wí.

Ó sún mọ́ ọn. Ó wo ojú ọ̀tún, ó wo ojú òsì. "Hẹn-ẹ̀n. Èyí ò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òun gan-an nílò àdúrà." Ó tún wo ẹ̀ka. "Kí ló tiẹ̀ ń wò?"

Mo gbé àga fún un.

Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀

Ọ̀rọ̀ Mummy Yun ni mo mú lọ sínú ilé ìwẹ̀. Mo sọ fún Àǹtí mi pé, "Ẹ jẹ́ kí n wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan." Ó wẹ ìyókù. Ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ àti itan. Nígbà tó ṣe, mo kún ẹ̀yìn mọ́ ọn. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, mo máa ń dúró, kó gbẹ, kí n tó tún padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti wẹ gbogbo ara ẹ̀, mo ti fi òróró pa á, mo ti na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀, mo ti dì í mú lọ́rùn ẹsẹ̀ báyìí kí n sọ ọ́ sókè, kí Àǹtí mi tó sáré wọlé.

"Má sọ ọ́ o! Bí nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wá wò bá rí ẹ, wọ́n á kó wa lọ!"

A rẹ́rìn-ín títí ojú ọgbẹ́ fi ń dùn ún. Ó wá ń wo ọwọ́ mi lára ọmọ ẹ̀. Èmi náà wò ó. Mo ti wẹ̀ ẹ́ tán kí n tó rántí pé ó yẹ kó máa gbọ̀n.

Ọjọ́rú tí mo lọ dágbére, Mummy Yun ká pépà ìlà ẹkùn náà tó wà fún títẹ̀lé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Fún àwọn tó bá tún fẹ́ wọlé," ó wí. Mo kúnlẹ̀. Ó tẹríba. Obìnrin òyìnbó yẹn ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, mo ká ẹkùn mi kúrò lára ògiri, mo fa ìró mi kúrò lójú fèrèsé, nítorí mo fẹ́ kó o sínú báàgì. Ẹyẹ náà wà níbẹ̀, igi tín-ín-rín kan lẹ́nu ẹ̀, ilé ló ń kọ́. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀." Ó ju igi sílẹ̀, ó ké. Nínú gbogbo àwọn tí mo kí láàárọ̀ ní Thamesmead, òun nìkan ló dá mi lóhùn kíá.

Ilé

Nítorí náà ni ìyá mi ṣe ń wo ọwọ́ mi. Bí a ṣe dúró níbẹ̀, Àmídá gba abẹ́ apá mi wọlé. Ó ti ga sí i, eyín ẹ̀ kan ti yọ lẹ́yìn mi.

"Mọ́mì, kí ni ẹkùn yìí ń wò?"

"Ẹyẹ ni."

"Ẹyẹ ọ̀hún dà?"

Mo lọ sí ìdí dúrọ́ọ̀, mo ṣí i. Làálì àtijọ́ ti bàjẹ́, mo dà á nù, mo rán wọn lọ ra tuntun. Mo pò ó. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀, Àmídá gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé mi lórí itan, ó na ìka. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyẹ ní ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀, mo fa ìrù ẹ̀ wá dé ọrùn ọwọ́. Kò sí ìlà kankan nísàlẹ̀ tí mo ń tẹ̀lé. Ìyá mi dúró tì mí, ó ń wò ó.

A ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan títí á fi gbẹ. Ó gbìyànjú, kò rọrùn fún un. Nígbà tó gbẹ, òun fúnra ẹ̀ ló fá a. Ó pupa dáadáa.

Ó sáré lọ síwájú pépà náà tí a ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó nà títí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fi kan ògiri, ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹyẹ wà sì bọ́ sórí ẹ̀ka náà gẹ́lẹ́. Ó wo ẹkùn lójú méjèèjì.

"Ó ti dé o," ó wí fún un.